Orí Kẹfà: Fíìmù Nínú Ilé Tó Móoru

Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí, tó gbé ìyókù ọbẹ̀ náà sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa fíìmù kámẹ́rà. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi ọbẹ̀ yẹn á ti dì, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á máa mì. Ẹ gbé e kaná díẹ̀, á tún yọ́ padà. Ohun tó mú un dì ni wọ́n ń pè ní jẹ́látìnì, inú awọ àti egungun màlúù ló ti ń jáde. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí tiwọn. Wọ́n á po wóró iyọ̀ fàdákà mọ́ ọn, wóró tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, wọ́n á wá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọ̀já oníke tó mọ́ gaara. Ọ̀já yẹn là ń kì sínú kámẹ́rà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ wàhálà tí ẹni tó fẹ́ràn kámẹ́rà onífíìmù máa bá pàdé nílẹ̀ wa, orí jẹ́látìnì yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá kàn án, ó máa ń mu omi, á sì wú. Wíwú yẹn la fẹ́, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni kẹ́míkà ń gbà wọlé lọ bá wóró fàdákà. Àmọ́ bí omi bá ṣe gbóná sí ló ṣe máa ń wú sí. Tó bá wú jù, á rọ̀, èékánná lásán á sì fi àpá sí i. Ìwé ìlò tó ń bá kẹ́míkà wá láti òkè òkun máa ń ní kí omi wà ní 20°C. Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣì wá lọ́nà: omi ẹ̀rọ tiwọn tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kàn bu omi gbígbóná díẹ̀ lé e ni. Nílé tèmi ní Ìbàdàn, omi tó ń ti inú táńkì orí òrùlé wá kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 27°C. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, mo ti ki tẹ̀mọ́mítà bọ̀ ọ́ tó fi 33°C hàn mí. Àlàfo tó wà láàárín 20 àti 33 yẹn ni orí yìí dá lé.

Jẹ́látìnì kì í ṣe gọ́ọ̀mù lásán o. Láàárín àwọn ọdún 1920, ó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ní ilé-iṣẹ́ Kodak, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, pé jẹ́látìnì kan ń mú kí fíìmù tètè gba ìmọ́lẹ̀, tí òmíràn kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Samuel Sheppard ló tú àdììtú náà: àwọn màlúù kan ti jẹ ewéko mọ́sítáàdì, ohun tó ní imí ọjọ́ nínú, tó wà nínú ewéko náà, sì ti dé inú jẹ́látìnì wọn. Ìwọ̀n bíńtín yẹn ló ń la wóró fàdákà lójú sí ìmọ́lẹ̀. Mi ò lè rántí ìtàn yìí kí inú mi má dùn, pé ohun tí màlúù jẹ nínú pápá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àwòrán jáde.

Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, kámẹ́rà lè lajú fún ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún dijú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí ò tó nǹkan yẹn, bí átọ̀mù fàdákà bíi mẹ́rin péré bá kóra jọ lára wóró kan, ó ti tó láti sàmì sí i. Bí ẹ bá yọ fíìmù náà wò nígbà yẹn, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó sì ti bà á jẹ́. William Henry Fox Talbot, ará England, ló rí i lóṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1840 pé pépà tó dà bíi pé kò sí nǹkan lójú rẹ̀, bí òun bá fi kẹ́míkà tó yẹ pa á, àwòrán á yọ lára rẹ̀. Iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà nìyẹn títí dòní. Á wá wóró tí ìmọ́lẹ̀ ti sàmì sí, á sọ gbogbo ara rẹ̀ di fàdákà dúdú, á fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn sílẹ̀. Fíkísà, tí àwọn fọ́tógíráfà àgbà ń pè ní háípò, ló máa kó èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Ooru ń mú kí dẹfẹ́lọ́pà yára. Tó bá yára jù, kò ní fi bẹ́ẹ̀ dá èyí tí ìmọ́lẹ̀ kàn mọ̀ yàtọ̀ mọ́, gbogbo fíìmù á dúdú kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ fi fíìmù dúdú àti funfun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ fíìmù aláwọ̀, tí wọ́n ń pè ní C-41, ti wà láti 1972. Ohun tó sì ń béèrè ni kí dẹfẹ́lọ́pà wà ní 37.8°C fún ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Àwọn kan á sọ pé ìyẹn gan-an ló yẹ ilẹ̀ wa, torí ó rọrùn láti mú omi gbóná ju ká mú un tutù lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò gba ìṣìnà. Bí ooru omi bá yẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ ara èèyàn lè yí padà nínú fọ́tò. Fíìmù dúdú àti funfun máa ń fara da àṣìṣe. Nínú wọn, Ilford HP5 Plus, tí wọ́n ń ṣe ní Mobberley ní England, àti Kodak Tri-X ni mo máa ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sọ. Nọ́ńbà 400 ló wà lára méjèèjì. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí: èyí tó bá jẹ́ 100 fẹ́ oòrùn tó mú, 400 máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi àti nínú pálọ̀ tó ní fèrèsé.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo déètì ara páálí, kí ẹ sì tún béèrè ibi tí wọ́n ń kó o sí. Fíìmù tó ti pẹ́ nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń wọ̀ lè burú ju èyí tí déètì rẹ̀ ti kọjá ṣùgbọ́n tó wà nínú fíríìjì látọjọ́ yìí. Tí ẹ bá gbé e délé, inú fíríìjì ni kó wà, nínú ike tó dé pinpin. Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí bíi mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ má sì tíì ṣí ike rẹ̀. Ẹ ti rí i bí ìgò mínírà ṣe máa ń làágùn tí wọ́n bá gbé e jáde. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló máa dì sí ojú fíìmù tí ẹ bá tètè tú u.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀ láti London tàbí Houston ló ń bá wa kó fíìmù wá. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi í sínú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò lágbára débi pé ó lè ba fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ jẹ́. Kí wọ́n gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n sì bẹ òṣìṣẹ́ pápákọ̀ pé kó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń gbé wá fún ẹrù ọwọ́ náà ń pa fíìmù lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ya gbogbo rẹ̀ látìgbà tí wọ́n fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu wò títí dìgbà tí màmá wa àgbà gbé e jó. Mo ka 36, mo ka 37, mo ka 38, kámẹ́rà tó yẹ kó ti dúró ṣì ń lọ. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Fíìmù ọ̀hún ò tíì gbéra rárá, ẹnu rẹ̀ ti já kúrò lára ọ̀pá tó ń ká a. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ki fíìmù tán, tí mo pa ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà dé, mo máa ń fa fíìmù le díẹ̀ nípa yíyí kọ́kọ́rọ́ ìdápadà tó wà lápá òsì. Nígbà tí mo bá wá fa ọwọ́ kámẹ́rà láti ya èyí tó kàn, ojú mi ń bẹ lára kọ́kọ́rọ́ náà. Tó bá ń yí bí mo ṣe ń fà, fíìmù ń lọ. Tó bá dúró gbọnin, mo mọ̀ pé kò sí fọ́tò kankan níbẹ̀. Màmá àgbà ò sí láyé mọ́ báyìí.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, òfin àtijọ́ kan wà tí ò nílò ẹ̀rọ. Bí oòrùn bá ń ràn tí òjìji yín sì mú lórí ilẹ̀, ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/16, kí ẹ sì fi ìyára kámẹ́rà sí nọ́ńbà tó sún mọ́ ti fíìmù jù lọ: 1/500 fún fíìmù 400, 1/125 fún fíìmù 100. Tí kùrukùru bá bojú oòrùn, ẹ ṣí i sí f/8. Ṣùgbọ́n òfin yìí ò sọ ohun tí oòrùn ọ̀sán gangan ń ṣe sí ojú èèyàn nílẹ̀ wa. Agbedeméjì orí ló ń bọ́ sí, ihò ojú á ṣókùnkùn, ìmú á sì ta òjìji lé ètè. Ẹ pe onítọ̀hún wá sábẹ́ òrùlé fàráńdà, kí ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/5.6, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ya èèyàn dúdú fi sọ́kàn. Mítà inú kámẹ́rà gbà pé ohun gbogbo tó bá wà níwájú òun, àwọ̀ eérú ni, kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri. Bí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sí ìyàwó tó wọ léèsì funfun níwájú ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn, funfun yẹn á pọ̀ lójú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyàwó á sì dúdú bí èédú. Ẹ̀bi awọ ara rẹ̀ kọ́, ẹ̀bi ìwọ̀n ni. Ẹ sún mọ́ ọn kí ojú rẹ̀ nìkan kún inú kámẹ́rà, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kí ẹ tó padà sẹ́yìn. Tàbí kí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, ẹ wọn òun, kí ẹ wá ṣí lẹ́ńsì ní ìpele kan sí i, nítorí àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju eérú lọ. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fún fíìmù dúdú àti funfun ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ dípò díẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ò bá kọ sí i, dẹfẹ́lọ́pà ò lè kà á.

Ó ku fífọ̀, ibi tí ooru ti ń retí wa.

Ẹ ò nílò dáàkì rúùmù láti fọ fíìmù. Inú àpò dúdú oníṣípù méjì, tó ní ibi tí èèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀, lẹ máa ti ká fíìmù sórí àgbá oníke, ẹ ó gbé àgbá náà sínú táńkì kékeré tó ń dé pinpin, ìyókù iṣẹ́ dọwọ́ ìmọ́lẹ̀ ilé. Bí ẹ ò bá ní àpò, inú ilé ìwẹ̀ tí ò ní fèrèsé lóru á ṣe é, kí ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹ fi fíìmù kan tó ti bàjẹ́ kọ́ ọ ní ojúmọmọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ tún di ojú yín kọ́ ọ. Òógùn ọwọ́ ni ọ̀tá ibẹ̀: fíìmù tó bá rin kì í yọ̀ lọ lórí àgbá, á lẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣe tèmi, kí ilé tó móoru, lẹ́yìn tí mo bá ti fọwọ́, tí mo sì nu ún gbẹ.

Ìwé ìlò sọ pé ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ ni HP5 Plus máa lò nínú dẹfẹ́lọ́pà ID-11 tí wọn ò bomi là, ní 20°C. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí omi bá fi gbóná sí i, ẹ yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú àkókò. Ní 24°C, á kù bí ìṣẹ́jú 5. Ní 28°C, á kù díẹ̀ ju 3 lọ, ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà: bí àkókò bá kéré sí ìṣẹ́jú 5, dẹfẹ́lọ́pà kì í ríbi kárí fíìmù dọ́gba, ojú ọ̀run inú fọ́tò á dà bí aṣọ tí wọn ò fọ̀ dáadáa. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Èkíní ni kí ẹ lo dẹfẹ́lọ́pà tó ń lọ jẹ́jẹ́. Rodinal, tó ti wà láti 1891, ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 fún fíìmù kan náà ní 20°C tí wọ́n bá po ìwọ̀n kan rẹ̀ mọ́ 50 omi. Ní 26°C, ẹ ṣì máa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 6. Ojúlówó rẹ̀ inú ìgò kì í sì tètè bàjẹ́, èyí tó dára fún ẹni tí kì í fọ fíìmù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Èkejì ni omi tútù, pọ̀ọ́-wọ́tà inú fíríìjì sì ti tó. Ká ní omi ilé jẹ́ 28°C, tí ti fíríìjì jẹ́ 8°C, mílílítà 60 ti tútù àti 240 ti ilé á fún yín ní 300 ní 24°C, ìyẹn sì tó bo fíìmù kan nínú ọ̀pọ̀ táńkì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe máa lé 20°C kiri. 24 ni kí ẹ fi ṣe ibùjókòó. Ẹ to ìgò dẹfẹ́lọ́pà, ti fíkísà àti omi ìṣanfíìmù sínú abọ́ ńlá kan tí omi 24°C wà nínú rẹ̀, kí gbogbo wọn jọ wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fíìmù tó ti inú omi tútù bọ́ sínú omi gbígbóná lójijì, jẹ́látìnì rẹ̀ lè sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti òde òní lágbára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò.

Ẹ da dẹfẹ́lọ́pà sínú táńkì, ẹ yí i lójú dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ gbá tábìlì jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ dà á jáde, ẹ fi omi ṣan án kíá, kí fíkísà wọlé fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè ṣí i wò. Mo ti fọ fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ mi ò tíì ṣí táńkì rí kí ọwọ́ mi má gbọ̀n díẹ̀. Ẹ ó rí èèyàn kéékèèké níbẹ̀, tí eyín wọn dúdú, tí irun wọn funfun.

Àwọn tó ń pọnmi á máa bẹ̀rù fífi omi ṣan án. Kò gba omi púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ilford ló kọ́ wa ní ọ̀nà yìí: ẹ bomi kún táńkì, ẹ yí i dé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ dà á nù, ẹ bu ẹ̀kẹta, ẹ yí i lógún ìgbà. Kò tó lítà kan. Omi bọ́hòlù tàbí ti kànga lè ṣe èyí, àmọ́ ẹ fi omi tí kò ní èròjà nínú ṣe ti ìkẹyìn, nítorí omi ilẹ̀ máa ń fi ẹfun tóótòòtó sílẹ̀ lójú fíìmù. Inú ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ so ó rọ̀ sí. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná sílẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè kó eruku afẹ́fẹ́ wálẹ̀, kí ẹ pa ìlẹ̀kùn dé, kí ẹnikẹ́ni má wọlé fún wákàtí mẹ́ta.

Ẹ má fi ife tí ẹ fi ń mumi wọn kẹ́míkà láéláé, kí ọmọdé má sì dé ibi tí ẹ kó o sí. Fíkísà tí ẹ ti lò ní fàdákà nínú, ó sì lè pa ohun ẹlẹ́mìí inú omi. Ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tàbí sínú odò. Inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí lára ni kó máa wà. Tí ẹ bá ju kànrìnkàn onírin sí i, fàdákà inú rẹ̀ á máa dì mọ́ irin náà.

Bí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí ẹ ti fọ̀, bá ti gbẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn á fi fóònù ya á sórí ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yí àwọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n á sì sọ ọ́ sínú àpótí bàtà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nẹ́gátíìfù gan-an ni fọ́tò náà. Nínú àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague láti Amẹ́ríkà wádìí iṣẹ́ àwọn fọ́tógíráfà ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kọjá lọ kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, fọ́tógíráfà á ya èyí tó wà láyé, á tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó wà láyé á tún wọ aṣọ ti èkejì rẹ̀ kí wọ́n ya á lẹ́ẹ̀kan sí i. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, inú dáàkì rúùmù iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ ní 1954. Ó tọ́jú nẹ́gátíìfù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aráyé fi ń rí àwọn irun wọ̀nyẹn títí dòní, lẹ́yìn tó ti kú ní 2014.

Ooru tó ń bá wa jà nínú táńkì ò sinmi lẹ́yìn tí fíìmù bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́, inú ike asetéètì ni wọ́n ṣe é sí, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń jẹ ẹ́ títí á fi máa rùn bíi fínígà, tí á ká kò. Tí òórùn yẹn bá bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé dá padà, ó sì lè ran àwọn tó wà nítòsí. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí àjà òrùlé ni ibi tó burú jù láti kó o sí. Orí pẹpẹ, ní yàrá tó tutù jù nínú ilé, nínú bébà tàbí ike tí wọ́n ṣe fún un, ló yẹ kó wà, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ sí i lára.

Nígbà tí ẹ bá tún délé, ẹ bi ìyá yín tàbí bàbá yín bóyá nẹ́gátíìfù kankan ṣì wà nínú àpótí wọn. Bó bá wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.